Ọmọ Ìlú Ẹni àti Owó Gbogbo Wa

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ ká fi orúkọ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ajégúnlẹ̀: ajé ti gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ Èkó dáadáa á rẹ́rìn-ín, á ní Àpápá ni ajé ń gúnlẹ̀ sí ní tòótọ́. Àpápá ni ọkọ̀ òkun ń já ẹrù sí, ibẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń san owó oṣù. Bí òṣìṣẹ́ bá gba owó tán, á ré Boundary kọjá, á wọ Ajégúnlẹ̀ lọ bá ìyàwó, ọmọ, onílé, àti ẹni tó jẹ ní gbèsè.

Láàárín ibi tí wọ́n ti ń gba owó àti ibi tí wọ́n ti ń ná an ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ wà. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn òṣìṣẹ́ ni, èyí tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń pè ní kóópù. Orúkọ náà ti túmọ̀ ara rẹ̀: ẹni tó jẹ, tó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù. Gbogbo wa la mọ̀ pé kò rọrùn, nítorí owó oṣù kì í tó, àwọn tó ń retí rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ìṣòro mìíràn wà tí wọn kì í sábà sọ sókè ní ìpàdé, tó sì lè tú ẹgbẹ́ tó lówó lọ́wọ́ ká. Òun ni ìbéèrè yìí: ta ni tiwa? Ṣé ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ni, àbí ẹni tá a jọ ti ìlú kan wá?

Ìbéèrè náà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Láti ìgbà tí Àpápá ti di èbúté ló ti wà níbẹ̀.

BÍ IṢẸ́ ṢE KÓ ÈÈYÀN JỌ

Ní 1921 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí èbúté Àpápá. Nígbà tó fi di 1926, ọkọ̀ òkun mẹ́rin lè so mọ́ èbúté náà lẹ́ẹ̀kan náà, reluwé sì ń kó ẹrù ilẹ̀ òkè wá bá wọn létí omi. Kí wọ́n tó ṣí èbúté náà, ní 1923, ni wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ Lever Brothers sílẹ̀ láti máa ṣe ọṣẹ, Àpápá náà ni wọ́n sì fi ṣe ibùjókòó rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n fa èbúté náà gùn sí i. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1955, àjọ tó ń ṣàkóso èbúté, tí gbogbo ayé mọ̀ sí NPA, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní 1962, ilé iṣẹ́ Flour Mills bẹ̀rẹ̀ sí lọ ìyẹ̀fun níbẹ̀. Ní 1977 wọ́n ṣí èbúté Tin Can Island, nítorí ọkọ̀ ti pọ̀ jù fún Àpápá. Ẹni tó dàgbà tó kò lè gbàgbé 1975, tí ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ńtì tò sójú òkun bí ẹni tó ń retí dókítà.

Iṣẹ́ pè, èèyàn jẹ́. Ìlàjẹ wá, Ẹ̀gùn wá, Ìjẹ̀bú àti Ìjẹ̀ṣà wá. Ùròbò, Ìjọ, Ìṣẹ́kírì, Ìbò, Ìbìbíò àti Hausa wá. Ilẹ̀ Àwórì ni gbogbo wọn bá. Ajégúnlẹ̀ ló gbà wọ́n, torí pé owó ilé ibẹ̀ ò wọ́n bíi ti Àpápá, ẹsẹ̀ lásán sì lè gbé èèyàn dé ibi iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Nàìjíríà ṣe rí kò nílò ìrìn àjò. Kó kàn jókòó sí ojúlé kan ní Ajégúnlẹ̀ ní kùtùkùtù òwúrọ̀, kó máa gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń jà nídìí ẹ̀rọ omi.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí iṣẹ́? Ní wáàfù, àwọn kọngílá tó ń já ẹrù ọkọ̀ ní àwọn hẹ́dìmáànù, hẹ́dìmáànù ló sì ń mú ẹni tó máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ta lẹ rò pé á kọ́kọ́ mú? Àwọn àgbà ti sọ pé ìdí ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ti ọmọ ẹlòmíràn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abúlé dé ò mọ ilé iṣẹ́, kò mọ ọ̀gá kankan. Ẹ̀gbọ́n tó ti ìlú rẹ̀ wá ló mọ̀. Òun ló fún un ní ẹní tó sùn lé, òun ló mú un dé ibi iṣẹ́. Bó bá ṣàìsàn, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló ń dáwó fún un. Bó bá kú, àwọn ló ń gbé òkú rẹ̀ relé. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà tipẹ́ kí òmìnira tó dé. Urhobo Progress Union, fún àpẹẹrẹ, ti wà láti 1931.

Nítorí náà, ẹ má tètè bínú sí ẹni tó fẹ́ràn ọmọ ìlú rẹ̀. Ìfẹ́ náà ló gbà á là.

ÈSÚSÚ ÀTI SOGÚNDOGÓJÌ

Kí kóópù tó dé, a ní èsúsú. Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ọdún kan náà tí iṣẹ́ Àpápá bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: èèyàn mẹ́wàá dá iye owó kan náà, ọ̀kan nínú wọn kó o, títí yóò fi kárí. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e sọdá òkun dé Trinidad. Susu ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní.

Ní 1952, William Bascom, onímọ̀ kan láti Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí èsúsú ilẹ̀ wa. Ó ṣàlàyé pé bí èsúsú bá tóbi, olórí rẹ̀ lè má mọ gbogbo ẹni tó ń dá a. Àwọn olórí kéékèèké wà lábẹ́ rẹ̀, oníkálukú sì ń dáhùn fún àwọn tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá kó owó tán tó wá ń sá, olórí kékeré tó mú un wá ni wọ́n á bi. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn o, a ó padà sí i.

Àléébù èsúsú ni pé ó ní ìgbà tirẹ̀. Bí onílé bá ní kí èèyàn kó ẹrù jáde lónìí, tó sì jẹ́ oṣù keje ni yóò kó èsúsú, kí ni ó fẹ́ ṣe? Ọ̀dọ̀ sogúndogójì ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé àti lébìrà ń gbà lọ. Orúkọ òun náà ti túmọ̀ ara rẹ̀: ó ń sọ ogún di ogójì. Lọ́jọ́ owó oṣù, ẹnu géètì ló ń dúró sí.

ÒFIN TÓ GBA JÁMÁNÌ ÀTI ÍŃDÍÀ WÁ

Ní 1934, òyìnbó kan tó ń jẹ́ C. F. Strickland, tó ti ṣe alákòóso ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Punjab ní ilẹ̀ Íńdíà, kọ ìròyìn fún ìjọba lórí bí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1935 òfin jáde, Major E. F. G. Haig sì di Rẹ́jísítírà àkọ́kọ́. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ló kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀ jù, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn olówó oṣù náà fi rí i pé ó bá wọn mu.

Gbòǹgbò òfin náà jìn. Íńdíà ti ṣe tirẹ̀ ní 1904, àpẹẹrẹ Friedrich Raiffeisen ní Jámánì ni wọ́n sì wò. Raiffeisen dá ẹgbẹ́ ìyáwó sílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ ní 1864. Ohun tó tẹnu mọ́ ni pé kí ẹgbẹ́ má kọjá àdúgbò kan, kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ lè mọ ara wọn: ẹni tó ń mutí, ẹni tó tẹpá mọ́ṣẹ́, ẹni tó ń san gbèsè àti ẹni tí kì í san. Láti Rochdale, ní England, níbi tí èèyàn 28 ti kó owó jọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní 1844, la ti gba òfin mìíràn: ẹnì kan, ìbò kan, ì báà lówó níbẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, òfin ní kí èèyàn mẹ́wàá, ó kéré tán, para pọ̀ kí wọ́n tó lè forúkọ sílẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ìwé owó wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán. Èrè kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pín tán. Apá kan gbọ́dọ̀ wọ àpò ìpamọ́. Bí ìjà bá sì dé láàárín ọmọ ẹgbẹ́ àti ìgbìmọ̀, ọ̀dọ̀ Rẹ́jísítírà ló ń lọ. Òfin ti 1993 náà ò kúrò lójú ọ̀nà yẹn.

Ṣé ẹ wá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ pọ̀? Òfin gbà pé ibi iṣẹ́ kan dà bí abúlé Raiffeisen: ẹ jọ ń wọlé, ẹ jọ ń jáde, ẹ mọ ara yín. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní Àpápá, àwọn tó jọ wọlé ní aago méje àárọ̀ ti mú ogún abúlé wọlé lọ́kàn wọn.

Ohun tí kóópù ní tí èsúsú ò ní ni ọ́fíìsì tó ń san owó. Òṣìṣẹ́ á fọwọ́ sí ìwé, wọ́n á máa yọ owó rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, ẹni tó bá ti fi 100 pamọ́ lè yá 200, bí onídùúró méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ bá fọwọ́ sí i fún un. Èlé rẹ̀ kéré sí ti sogúndogójì lọ́nà jíjìn, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù nínú èlé náà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń pín in lópin ọdún. Kò sí pé ẹnikẹ́ni ń lọ kanlẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ìwé ló ń ṣiṣẹ́.

NÍGBÀ TÍ ÌLÚ BÁ WỌ ÌPÀDÉ

Ẹ má rò pé àwọn òṣìṣẹ́ ò lè ṣọ̀kan. Ní oṣù kẹfà 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, reluwé pẹ̀lú wọn, da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó ju oṣù kan lọ nítorí pé oúnjẹ ti wọ́n. Ní oṣù kẹfà 1964, wọ́n tún da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà náà, kò sí ẹni tó bi ẹnikẹ́ni léèrè ìlú rẹ̀. Ọ̀gá kan náà ni wọ́n kọjú sí.

Ṣùgbọ́n nínú kóópù, kò sí ọ̀gá tí wọ́n máa kọjú sí. Àwọn fúnra wọn ni ọ̀gá. Owó tiwọn ló wà nílẹ̀, àwọn ló sì máa pín in. Ibẹ̀ ni ìlú ti ń yọ orí.

Ní oṣù karùn-ún 1966, ìjọba ológun fòfin de ẹgbẹ́ òṣèlú àti ẹgbẹ́ ẹ̀yà. Òfin lè pa orúkọ ẹgbẹ́ rẹ́, kò lè yọ ìlú kúrò lọ́kàn èèyàn. Kí ọdún náà tó parí, ọ̀pọ̀ Ìbò ti fi Èkó sílẹ̀ lọ sí Ìlà-Oòrùn, ogun sì jà láti 1967 di 1970. Ẹ rò ó wò ná: ẹni tó bá sá lọ lóru, tí owó ìpamọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ẹgbẹ́, ta ni yóò bá a sọ̀rọ̀ ní ìpàdé? Àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ ti bá a lọ. Ìwé àkọsílẹ̀ nìkan ló kù tó lè jẹ́rìí sí i. Bí ìwé bá mọ́, owó rẹ̀ wà; bí ìwé bá dọ̀tí, owó rẹ̀ ti lọ.

Lẹ́yìn ogun, owó epo dé. Ètò Udoji fi owó kún owó oṣù ní 1974, owó ìpamọ́ náà sì ń ga. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sókè, nígbà tí ìrẹsì, mílíìkì àti ṣúgà di ohun tí èèyàn ń tò fún, kóópù tó bá rí ọjà rà fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ di ohun tí gbogbo èèyàn ń wá. Ipò alága àti akápò wá di ipò tí wọ́n ń dìbò fún bí ìgbà tí wọ́n ń dìbò fún gómìnà.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ 200. Àwọn 90 ti agbègbè kan wá, àwọn 60 ti ibòmíràn, àwọn 50 tó kù wá láti ibi mẹ́wàá. Òfin Rochdale ní ẹnì kan, ìbò kan. Ó dára, kò jẹ́ kí olówó gun òtòṣì lórí. Ṣùgbọ́n kò ní kí ilé ńlá má gun ilé kékeré. Àwọn 90 á fa 15 mọ́ra nínú àwọn 50, wọ́n á di 105. Alága, akọ̀wé àti akápò di tiwọn.

Lágbájá kọ̀wé béèrè owó ní oṣù kìíní. Tẹ̀mẹ̀dù kọ tirẹ̀ ní oṣù kẹta. Tẹ̀mẹ̀dù rí owó gbà ní oṣù kẹrin, nítorí pé òun àti akápò jọ ń lọ sí ìpàdé ọmọ ìlú ní ọjọ́ Àìkú. Ẹnikẹ́ni ò jalè o. Bí ọ́dítọ̀ bá dé, ìwé á bára mu. Ṣùgbọ́n Lágbájá á sọ fún àwọn ènìyàn tirẹ̀, àwọn náà á sọ fún ẹlòmíràn, lóṣù tó ń bọ̀ èèyàn 30 á kọ̀wé pé àwọn fẹ́ kó owó àwọn. Owó náà ńkọ́? Ó wà lọ́wọ́ àwọn tó yá a, yóò sì tó ọdún kan kó tó padà wọlé. Àwọn 30 ò rí owó gbà, ariwo ta, àwọn 40 mìíràn kọ̀wé. Báyìí ni ẹgbẹ́ tí kò pàdánù kọ́bọ̀ kan ṣe ń tú ká.

Ọ̀nà kejì tún burú ju èyí lọ. Bí owó bá sọnù lọ́wọ́ akápò lóòótọ́, àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ á ní, “Ọmọ wa ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi wá ṣẹ̀sín.” Ọ̀rọ̀ ìwé owó á di ọ̀rọ̀ ẹ̀yà. Ẹni tó bá béèrè rísíìtì di ọ̀tá ìlú kan, ẹni tó bá dákẹ́ di ọmọlúàbí. Ẹ sì wò ó, owó àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ náà wà nínú èyí tó sọnù!

OJÚ TÍ ONÍDÙÚRÓ RÍ

Ní 2006, ìjọba gbé ìṣàkóso ibi ìkẹ́rù Àpápá lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ èbúté sì pàdánù iṣẹ́. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, kóópù ló máa ń kọ́kọ́ mọ bó ṣe dùn ún tó. Ọ́fíìsì owó tó ń yọ gbèsè lóṣooṣù ò rí nǹkan yọ mọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ fi owó ìpamọ́ ẹni náà dí gbèsè rẹ̀. Bí ó bá ṣẹ́ kù, ó di ti onídùúró. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé lọ́jọ́ kan nítorí “ará wa ni” á rí i pé owó ilé ìwé ọmọ òun ti bá gbèsè ẹlòmíràn lọ. Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Ọ̀nà onídùúró náà ló dí pẹ̀lú.

Ta ló wá lè rí ajigbèsè náà? Ilé iṣẹ́ ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Alága ò mọ ilé rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni ọmọ ìlú rẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ ń dá owó ìsìnkú, tó mọ ìyá rẹ̀ nílé, tó lè sọ fún un ní èdè rẹ̀ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ ká gbọ́ èyí nílé.” Òun ni olórí kékeré inú èsúsú tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Òfin 1935 ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ mi nìyí. Ìfẹ́ ọmọ ìlú kì í ṣe ọ̀tá kóópù. Ó wúlò lẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè, ó ń pani lára nídìí àpótí owó. Kí ọmọ ìlú dúró fún ọmọ ìlú, kó sì mọ̀ pé òun yóò dáhùn fún un; ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ àpótí ò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ìlú kan. Kí ẹ yan ìgbìmọ̀ láti ẹ̀ka iṣẹ́ sí ẹ̀ka iṣẹ́. Kí àwọn mẹ́ta tó ń fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì má ti ojúlé kan wá. Kí wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó béèrè owó mọ́ ògiri, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n béèrè, kí Lágbájá lè fojú ara rẹ̀ rí ibi tó wà. Bí wọ́n bá ń gbèrò lórí owó ẹ̀gbọ́n alága, kí alága jáde síta. Kí wọ́n sì ka ìwé ọ́dítọ̀ sókè ní èdè tí gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́, ì báà jẹ́ pijin.

Àwọn kan á ní, “Ta ló ráyè ìpàdé ọdọọdún? Ó ti rẹ̀ wá.” Mo gbà, ó rẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n ìpàdé tí ẹ ò lọ, àwọn kan lọ síbẹ̀, wọ́n sì mọ ẹni tó jẹ́ tiwọn. Nítorí náà, lọ́jọ́ owó oṣù tó ń bọ̀, kí ẹ tó ré Boundary kọjá, ẹ yà ní ọ́fíìsì kóópù yín. Ẹ béèrè ìwé yín, ẹ ka iye tó wà níbẹ̀, ẹ béèrè iye tí onígbèsè tí ẹ dúró fún ṣì jẹ. Bí akọ̀wé bá ní ìlú wo lẹ ti wá, ẹ sọ fún un pé ọmọ ẹgbẹ́ ni yín. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.